Lẹ́tà Tó Há Sílé Duane

Inú ṣì ń bí mi. Àwọn èèyàn máa ń sọ fún mi pé, "Wes, fi sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́, sùúrù ni baba ìwà." Ó lè jẹ́ baba ìwà lóòótọ́, àmọ́ kò yà sílé wa rí. Bí mo bá sọ̀rọ̀ Elvi Hautala láìbínú, á jẹ́ pé ẹlòmíì ni mò ń sọ.

Elvi ló ń dáná fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní ìlú Osier. Obìnrin gíga ni, omi gbígbóná ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di pupa, kì í sì í rẹ́rìn-ín torí pé kó lè dùn mọ́ ẹnì kan. Bí ọmọ kan bá ní òun ò jẹ kárọ́ọ̀tì, Elvi á ní, "Kò burú, ebi mọ ilé ẹ," á sì bu kárọ́ọ̀tì náà sí i láwo. Kò lọ́kọ rí. Òun àti Reino, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ni wọ́n jọ ń gbé inú ilé tí bàbá wọn fi pákó kọ́ nígbà tó ti Finland dé. Sáùnà, ilé ìwẹ̀ onígbòóná, wà lẹ́yìn ilé náà, wọ́n sì to igi ìdáná sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dé òrùlé.

Adití ni Reino. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń wa irin nígbà tí ibi ìwakùsà ṣì ń ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ni dánámáìtì ti bú gbàmù lójijì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ̀mí rẹ̀ yè, etí rẹ̀ ò yè. Ó ṣì lè sọ̀rọ̀, àmọ́ kò mọ bí ohùn òun ṣe ń dún mọ́, nítorí náà á pariwo níbi tó yẹ kó rọra, á sì máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ níbi tó yẹ kó pariwo. Ètè Elvi ló máa ń wò láti mọ ohun tí aráyé ń sọ. Lójú tirẹ̀, igi lásán ni fóònù.

Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, Marja. Nígbà tí Marja mú ọkọ àti àwọn òbí ọkọ wálé, Reino jókòó sídìí tábìlì, ó fẹ́ bá Elvi sọ̀rọ̀ ní bòókẹ́lẹ́ pé ọkùnrin yìí á já ọmọ náà sílẹ̀ lójú pópó. Ohùn rẹ̀ gba gbogbo ilé. Ọkọ gbọ́, àwọn òbí ọkọ gbọ́, ajá tó wà lóde pàápàá gbọ́. Marja kó ẹrù rẹ̀, ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí Oregon, ọ̀nà jíjìn réré, kò fi àdírẹ́sì sílẹ̀. Àwọn ọdún kan kọjá tí Reino kò mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ wà láàyè.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Duane ṣe, mo ní láti sọ bí fóònù ṣe rí lágbègbè wa. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ kò fẹ́ràn ọmọ èèyàn. Èmi ń gbé ní Kellan, ní ìlà oòrùn, mò ń ta ìṣó àti ayùn. Osier ló tẹ̀ lé wa, Port Adair sì wà ní ìwọ̀ oòrùn, létí adágún. Bí mo bá pe Osier láti Kellan, mo lè sọ̀rọ̀ títí ẹnu á fi bó, ọ̀fẹ́ ni. Bí ará Osier bá pe Port Adair, ọ̀fẹ́ náà ni. Àmọ́ bí èmi bá pe Port Adair ní tààrà, àwọn oní fóònù á ní ọ̀nà jíjìn ni, wọ́n á máa ka ìṣẹ́jú sí mi lọ́rùn bí ẹni ń ka ẹgba. Ìlú tí mo lè wa ọkọ̀ dé kí kọfí mi tó tutù!

Kí íńtánẹ́ẹ̀tì tó dé ọ̀dọ̀ wa, àwa kan láwọn ìlú mẹ́ta yìí ní kọ̀ǹpútà, a sì ní àpótí kékeré tó ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gba ojú wáyà fóònù bá kọ̀ǹpútà mìíràn sọ̀rọ̀. Bí a bá ti sùn, àwọn ẹ̀rọ á máa pe ara wọn, wọ́n á máa gba lẹ́tà lọ́wọ́ ara wọn bí àwọn tó tò tí wọ́n ń gbé omi pa iná. Ilé Duane Trethewey ní Port Adair nìkan ló ń pe ọ̀nà jíjìn. Lẹ́ẹ̀kan lóru, nígbà tí owó ìpè bá já wálẹ̀, ẹ̀rọ rẹ̀ á pe ẹ̀rọ ńlá kan ní ìlú Milwaukee, á da gbogbo lẹ́tà wa tó ti di pọ̀ mọ́ra lé e lọ́wọ́, á gba èyí tó dé fún wa, á gbé fóònù sílẹ̀. Láti Milwaukee, lẹ́tà lè dé ibikíbi láyé. Gbogbo wa la jọ ń dá owó ìpè kan yẹn.

Àmọ́ báwo ni ti àwa ará Kellan ṣe máa dé ọ̀dọ̀ Duane láìsanwó? Ilé Elvi ni. Ẹ̀rọ mi á pe ẹ̀rọ Elvi lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀rọ Elvi á pe ti Duane lọ́fẹ̀ẹ́. Ìlú tó wà láàrin ni, ó gbọ́ èdè apá méjèèjì. Bí mo ṣe sọ ọ́ fún un ní ṣọ́ọ̀bù mi nìyẹn, ó dúró síwájú káúńtà, ó ń wo ojú mi.

"Ẹ̀rọ yẹn, ṣé ó ń lo etí?" ó bi mí.

"Kò lo etí, Àǹtí Elvi. Ẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ ni, ẹ sì ń fojú kà á."

"Reino lè lò ó?"

"Ó lè lò ó jù mí lọ."

"Ta ni mo máa san owó fún?"

Ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù, ó gbé e sí yàrá tí wọ́n ń kó oúnjẹ sí, láàrin àpò ọ̀dùnkún àti àwọn ìgò èso tó rẹ. Ó tún gba wáyà fóònù kejì sílé. Ó wá ní kí Reino kọ lẹ́tà gbangba kan, èyí tí ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ lè kà, sí àwọn ará Oregon, pé ẹni tó bá mọ Marja Hautala, kó sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ti ń fi kọ̀ǹpútà kọ̀wé. Ó pẹ́ kí ìdáhùn tó dé. Ọ̀rẹ́ Marja kan ló rí i.

"Bàámi," bí lẹ́tà náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, "ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ ni àbí Àǹtí Elvi?"

Reino tẹ èsì fúnra rẹ̀ pé, "Èmi ni. Àǹtí ẹ ò mọ bọ́tìnì tó ń tẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti ń kọ̀wé síra wọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Òjò tó rọ̀ níbẹ̀, àgbọ̀nrín tó jẹ ewébẹ̀ Elvi níbí. Marja kò sọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀, kò fi àdírẹ́sì ilé rẹ̀ ránṣẹ́, Reino náà kò béèrè. Àmọ́ ọkùnrin tí kì í jẹun àárọ̀ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jí kí ilẹ̀ tó mọ́, á gbé páì ẹran tutù dání lọ sídìí ẹ̀rọ, á máa jẹ ẹ́, á máa ka lẹ́tà ọmọ rẹ̀.

Duane wá sọ pé ilé Elvi ń fa ọwọ́ aago sẹ́yìn.

Tíṣà ìṣirò ni Duane ní Port Adair. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́, ó sì gbọ́n, èmi ò sọ pé kò gbọ́n. Àìsàn tirẹ̀ ni pé ó rò pé ohun tó bá ti gba ilé òun kọjá, òun ló ni ín. Ó ní lẹ́tà tó ti Kellan wá máa ń sùn mọ́jú nílé Elvi kí ó tó dé ọ̀dọ̀ òun, pé kò bójú mu kí nǹkan falẹ̀ báyìí láyé òde òní. Ló bá lọ bá ọ̀kan nínú àwa ará Kellan, Bernice Ojala, wọ́n jọ so ẹ̀rọ wọn pọ̀ ní tààrà, kí Bernice máa san owó ọ̀nà jíjìn díẹ̀. Wọn ò sọ fún Elvi. Wọn ò sọ fún mi. Wọn ò sì tú okùn tó gba ilé Elvi kọjá, wọ́n kàn so tuntun mọ́ ọn.

Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa á ti gbé ọwọ́ lérí. Kọ̀ǹpútà ayé ìgbà yẹn kò lọ́gbọ́n. Lẹ́tà gbangba tó bá gbà lọ́wọ́ ẹnì kan, á fà á lé ẹni tó kàn lọ́wọ́, kò ní bi í pé ṣé o ti rí i tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ojú ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà, kò séwu. Àmọ́ tí ọ̀nà bá ti yí po, ohun tí mo bá sọ fún Elvi, Elvi á sọ fún Duane, Duane á sọ fún Bernice, Bernice á wá sọ ọ́ fún mi bí ìròyìn tuntun, èmi náà á tún gbé e fún Elvi. Kò ní tán láé.

Kò sì tán. Mo ti kọ ìbéèrè kan nípa ayùn ẹlẹ́ńjìnnì tí kì í ṣiṣẹ́ nínú òtútù. Ìbéèrè mi yí po bí ajá tó ń lé ìrù ara rẹ̀, ẹ̀rọ Duane sì ń kó gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí Milwaukee lóròòru, ìpè tó yẹ kó tán kíá wá di ohun tó ń lọ títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ọkùnrin kan ní Milwaukee kọ̀wé pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwó jọ kí ẹ ra ayùn tuntun fún bàbá yìí." Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Nígbà tí bílì fóònù dé, ẹ̀rín tán. Owó tí a dá fún ọdún kan odindi ti lọ sórí ayùn mi.

Duane pè wá jọ sí ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ní Port Adair. Kọfí wà, búrẹ́dì dídùn wà, àwa bíi mélòó kan jókòó sórí àga onírin. Elvi mú Reino dání. Duane dìde, ó ní òun ti wádìí, ẹ̀rọ tó wà ní Osier ló ti gbó tó ń pọ lẹ́tà jáde lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, òun sì ti yọ ilé náà kúrò nínú ètò.

Elvi ò tiẹ̀ dìde. "Duane, ẹ̀rọ mi ò pọ nǹkan kan. Ìwọ lo so okùn kejì."

"Àǹtí Elvi, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ yìí jinlẹ̀ díẹ̀."

"Jíjinlẹ̀ wo? Ọ̀nà tó bá yí po á yí èèyàn po. Ọmọ kíláàsì kìíní tí mò ń bu oúnjẹ fún mọ̀yẹn."

Mo dìde, mo ní, "Òótọ́ ló sọ. Duane, tú okùn tìẹ àti ti Bernice, ká wò ó bóyá kò ní í dúró lálẹ́ òní."

"Wes, jókòó," ni Bernice wí. "A ò wá jà. Àǹtí Elvi, ẹ ṣáà sọ pé ẹ má bínú, kọ́rọ̀ tán. Kí ló wà ńbẹ̀? Ẹnu ò ní bó."

"Kí n bẹ̀bẹ̀ fún ohun tí n ò ṣe?"

"Kí àlàáfíà lè jọba ni."

"Àlàáfíà ta ni?"

Mo wo ojú gbogbo wọn. Kò sẹ́ni tí kò mọ òótọ́ níbẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀. Àmọ́ ọwọ́ Duane ni ẹnu ọ̀nà Milwaukee wà, kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Wọ́n ń wo inú ife kọfí bí ẹni pé nǹkan já sínú rẹ̀. Ojo ni wọ́n, mo sì sọ ọ́ fún wọn níbẹ̀, n ò kó o jẹ. Duane ní òun ti fetí sí gbogbo èrò, ó ní ìpàdé ti parí. Reino ń fa Elvi láṣọ. "Kí ni wọ́n wí?" ló pariwo. "Kí ni wọ́n wí?"

Elvi yíjú sí i, ó la ẹnu rẹ̀ dáadáa. "Wọ́n ní ká máa lọ sílé."

Òtútù wá wọlé gan-an. Ẹ̀rọ Elvi ń pe ti Duane lójoojúmọ́, ti Duane á gbé fóònù, á rí i pé ilé Elvi ni, á já a sílẹ̀. Reino ń jí kí ilẹ̀ tó mọ́ síbẹ̀. Á jókòó láàrin ọ̀dùnkún, á wo ojú ẹ̀rọ tó ṣófo, á jẹ páì rẹ̀ tán, á lọ la igi. Nígbà tó yá, kò jẹ páì mọ́.

Elvi kì í bẹ èèyàn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn kí ẹ tó gbọ́ èyí. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ní òun ti pe Duane.

"Mo ní kó má bínú," ló wí. Ó ń wo ìṣó tó wà lórí káúńtà. "Mo ní ẹ̀rọ mi ló fà á. Mo purọ́ mọ́ ara mi, Wes. Mo ní kó ṣáà bá mi wo inú ẹ̀rọ rẹ̀ bóyá lẹ́tà Reino wà ńbẹ̀."

"Kí ló wí?"

"Ó ní ó wà. Ó ní òun rí orúkọ Reino lára rẹ̀."

"Kó wá fi ránṣẹ́!"

"Ó ní òun kì í ka lẹ́tà onílẹ́tà, òun ò sì lè máa fi ọwọ́ gbé lẹ́tà kiri fún ilé tí kò sí nínú ètò. Ó ní tí mo bá ra ẹ̀rọ tuntun, kí n padà wá. Ó ní lẹ́tà kì í jẹrà."

Ẹ gbọ́ mi. Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Gbogbo ohun tí a gbé lé Duane lọ́wọ́ ni pé kó gba ohun tó dé, kó fi í fún ẹni tó ni ín. Kò ka lẹ́tà ẹnikẹ́ni lóòótọ́, ó sì ń fi yangàn. Ó kàn jókòó lé e lórí ni. Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo sanwó ọ̀nà jíjìn láti bú u, mo sì bú u dáadáa. Ó ní òun ń gbọ́ pé inú ń bí mi.

Ohun tó yí ọkàn wọn padà níkẹyìn kì í ṣe àánú. Bílì ni. Níwọ̀n ìgbà tí kò ti sí ilé Elvi, gbogbo lẹ́tà Kellan ń gba ọ̀dọ̀ Bernice lọ sí Port Adair pẹ̀lú owó ọ̀nà jíjìn, Bernice sì ní ká máa dá a fún òun. Àwọn tó ń wo inú ife kọfí ní ìjelòó bá rántí lójijì pé Elvi kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n ní kí wọ́n dá a padà. Duane tú okùn Bernice láìsọ̀rọ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀rọ Osier. Ẹ̀rọ kan náà o, àlòkù ọjọ́sí, kò sẹ́ni tó fi ọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè mi nípa ayùn kò padà wá mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ pé, "Àǹtí Elvi, a ṣẹ̀ yín."

Ọjọ́ tí lẹ́tà dé, yìnyín ti bo gbogbo nǹkan, wọ́n sì ti kéde lórí rédíò pé kò sí ilé ìwé. Mo lọ sí Osier láti bá wọn fi mọ́tò mi gbá yìnyín ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ nínú òtútù yẹn. Reino dúró nínú yàrá oúnjẹ, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí kọ̀ǹpútà bí ẹni fẹ́ gbé e. Elvi ń ka lẹ́tà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí n lè rí i.

Lẹ́tà mẹ́ta ni, wọ́n ti tò síra wọn. Èyí àkọ́kọ́ ní: "Bàámi, òótọ́ lẹ sọ nípa ọkọ mi. Ó ti lọ. N ò ní owó ilé. Ṣé mo lè padà wálé? Ẹ má jẹ́ kí Àǹtí Elvi dáhùn o, ẹnu yín ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ."

Ìkejì ní: "Bàámi, bóyá lẹ ò rí tàkọ́kọ́. Ṣé mo lè wá?"

Ìkẹta ní: "Ó dáa, Bàámi. Mo ti gbọ́ èsì yín. Mi ò ní dà yín láàmú mọ́. Nọ́ńbà ilé ọ̀rẹ́ tí mo wà nìyí, kí Àǹtí pè mí bí ẹnì kan bá kú."

Àwọn lẹ́tà yẹn ni Duane jókòó lé. Ìkẹta ti tó ọjọ́ mélòó kan nígbà tí a rí i. Mo ní, "Àǹtí Elvi, ẹ pè é báyìí."

"Tí mo bá pè é, á ní mò ń bo bàbá òun láṣìírí. Ó ti sọ pé òun ò fẹ́ ẹnu mi." Ó ti ń wọ kóòtù. "Ẹni tó há ọ̀rọ̀ yẹn mọ́lé ló máa sọ ọ́. Wes, ṣé mọ́tò ẹ á dé Port Adair?"

"Á dé."

Àwa mẹ́ta jókòó pọ̀ níwájú mọ́tò, mo ń fi irin iwájú rẹ̀ ti yìnyín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Duane ń jẹ ẹyin nígbà tí a wọlé, torí kò sí ilé ìwé. Ìyàwó rẹ̀ ní ká jókòó, ká mu kọfí. Elvi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò jókòó. Ó ti da lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ sórí ìwé, ó gbé e síwájú Duane, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo ẹyin.

"Ìwọ kì í ka lẹ́tà onílẹ́tà. Ka èyí."

Ó kà á. Mo wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń kà á. Mo ti fẹ́ rí i kí ojú tì í, àmọ́ nígbà tí mo rí i, kò tó mi.

"Àǹtí Elvi, Ọlọ́run, n ò mọ̀ pé..."

"O ò mọ̀. Ó dáa. Pè é."

"Èmi?"

"Ìwọ. Sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ò rí nǹkan kan. Sọ ibi tí lẹ́tà rẹ̀ wà látọjọ́ yìí, àti ẹni tó tì í mọ́bẹ̀."

Duane wo fóònù. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni, ìgbà tí owó ọ̀nà jíjìn wọ́n jù lọ. Mo búra fún yín, mo rí i tó rò ó. Ó ní, "Ṣé kò lè dúró dìrọ̀lẹ́? Ó máa..." Kò parí rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló gbé fóònù, ó fi lé e lọ́wọ́.

Ó tẹ nọ́ńbà náà. Nígbà tí ẹnì kan gbé e, ó ní, "Ṣé Marja nìyí? Ẹ ò mọ̀ mí. Duane Trethewey lorúkọ mi, Port Adair." Ó wá sọ ọ́. Ó sọ ọ́ tìtìjú-tìtìjú, ó fi ọ̀rọ̀ ètò àti ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lọ́ ọ, Elvi ní, "Sọ ọ́ tààrà." Ó ní, "Èmi ni mo dá lẹ́tà yín dúró. Bàbá yín ò rí i títí di òní. Ẹ̀bi mi ni." Ó ń gbọ́. Àwa náà ń gbọ́ ọ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ láti ibi tí a dúró, obìnrin kan tó ń sunkún lọ́nà jíjìn.

Reino ń wo ètè Duane, kò sì rí nǹkan kan tó ń mì. Ó na ọwọ́. Duane fún un ní fóònù. Ọkùnrin tí kò fọwọ́ kan fóònù láti ọjọ́ dánámáìtì gbé e sẹ́nu, kò tiẹ̀ gbé e sétí.

"Marja," ó pariwo, ife kọfí mì lórí tábìlì. "Máa bọ̀ nílé."

Kò lè mọ̀ bóyá ó ti gbọ́. Ló bá tún un sọ. "Marja, máa bọ̀ nílé." Ó wo Elvi, ó tún sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀, n ò mọ iye ìgbà. Duane ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago ara ògiri, kò mọ̀ pé òun ń wò ó. Elvi gba fóònù lọ́wọ́ Reino, ó gbé e sétí, ó dúró, ó ń gbọ́. Lẹ́yìn náà ó kọjú sí àbúrò rẹ̀, ó mi orí sí i pé bẹ́ẹ̀ ni. Reino fìdí kalẹ̀ sórí àga tó sún mọ́ ọn.

Elvi dá fóònù padà sọ́wọ́ Duane. Duane ti ń gbé e padà sí àyè rẹ̀ nígbà tí Elvi di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má tíì gbé e sílẹ̀," ló wí. "Ọmọ yẹn ò tíì sọ̀rọ̀ tán. Jókòó, kó o gbọ́ ọ."